Ẹ̀wù Gọ́ọ̀fù Bàbá Fadérera

Nígbà tí mò ń wí yìí, àbúrò mi Wúràọlá ṣì wà láàyè, Ìyá Olúdé tó múlé tì mí náà ṣì wà. Ọkọ mi nìkan ni wọ́n ti sin, ṣùgbọ́n ẹ̀wù gọ́ọ̀fù rẹ̀, ẹ̀wù ẹ̀rọ tó máa ń darí ara ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Láràárọ̀ ni mò ń wọ̀ ọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀wù á yí ìbàdí mi, èjìká á tẹ̀ lé e, apá á tẹ̀ lé èjìká, ọrùn ọwọ́ á já gbẹ̀yìn, bí ọkọ mi ṣe máa ń gbá bọ́ọ̀lù gẹ́lẹ́. Ó máa ń sọ pé, "Bíi pàṣán ni, Àwẹ̀ró. Ìdí rẹ̀ kì í yára, ṣóńṣó rẹ̀ ló ń dún." Bọ́ọ̀lù á fò kọjá ògiri. Á dà bíi pé ọkọ mi dì mọ́ mi.

Fadérera ọmọ wa pè mí. "Màmá, ẹ yé wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́! Ìṣe ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló ń kọ́. Ẹ ó pa ti Bàbá rẹ́ níbẹ̀ o."

"Ṣé kí n wá gbé ọkọ mi kọ́ sára ògiri ni?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo tún wọ̀ ọ́.

Bí ẹ̀wù bá ti tẹ orúnkún mi díẹ̀ kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀ á kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Fadérera." Bí mo ṣe ń kí i látijọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo dúró gbọnin, ẹ̀wù ló fà mí kúnlẹ̀. Mo retí kó yí ìbàdí mi. Kò yí i. Ìṣe tèmi nìkan ló kù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi kú.