Iná Ààrò Màmá

Iná ni wọ́n gba obìnrin kan síṣẹ́ láti máa ṣọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iná kankan nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló ń sanwó fún un. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ kò ṣeé dá dúró, ni wọ́n bá pín ààrò onírin fáwọn abúlé tó jìnnà, ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀ bíi ti olókùúta mẹ́ta. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ààrò bá ti gbóná, ẹ̀rọ náà á ránṣẹ́, àmì pupa á sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Èéfín tí abúlé kò rú mọ́ ni ilé iṣẹ́ ń yọ kúrò nínú ìṣirò èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń rú.

Ọkùnrin tó jókòó tì í lọ́fíìsì máa ń ní, "Ẹni tó da omi sílẹ̀ ní yàrá ara rẹ̀, tó wá lọ ń nu yàrá ẹlòmíì, àwa nìyẹn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún tẹjú mọ́ṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ààrò náà jẹ́ ti ìyá obìnrin náà. Opó ni ìyá, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló sì bí. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì abúlé yẹn, bó ṣe rí lónìí kọ́ ló ń rí lọ́la, ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ló sì máa ń já sọ́nà. Nígbà tó lọ kí Màmá kẹ́yìn, Màmá ní, "Kí la tún ń pariwo lórí fóònù sí? Bó o bá ti rí iná mi, o ti gbóhùn mi nìyẹn."

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin náà lóyún. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ rí, ọgbẹ́ wọn kò sì tíì jinná lọ́kàn rẹ̀. Dókítà ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ò fẹ́ ìrìn àjò, kò sì fẹ́ ìpayà." Ó gbà. Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju kí ọmọ yìí dúró, kí Màmá sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e.

Nígbà òjò, ààrò Màmá tutù fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ẹ̀rù ba obìnrin náà débi pé kò lè jẹun, ni ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, bá wọkọ̀ lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ wú. Ó ní òun kò sùn lójú ọ̀nà.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ń sinmi. Fóònù wọn ló já sómi. Wọ́n ní kó o tọ́jú ara ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, àmì pupa yọ. Ó fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà náà bí ẹni fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Tẹ́lẹ̀, Màmá máa ń dáná bó ṣe wù ú ni, òwúrọ̀ lónìí, ọ̀sán lọ́la. Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ ni, lójoojúmọ́, kì í yẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní ara Màmá ti le. Bó bá pe aládùúgbò wọn lábúlé, aládùúgbò náà á ní Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ohùn rẹ̀ á sì já. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà kíyè sí iná yẹn. Ó fi han àwọn àlejò, ó ní, "Bí gbogbo ààrò bá ń ṣiṣẹ́ báyìí, èéfín tiwa á di ìtàn."

Lọ́jọ́ kan, oòrùn fẹ́ wọ̀, iná kò yọ. Ọkọ rẹ̀ ti wá mú un lọ sílé, obìnrin náà ní òun kò ní dìde. Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Jẹ́ n lọ ra búrẹ́dì níta," ni ọkọ wí, "kó o rí nǹkan fi panu."

Ó mú fóònù dání jáde, ó sì pẹ́ díẹ̀. Kó tó dé, àmì pupa ti yọ.

"Wọ́n ti dáná," ni obìnrin náà wí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ̀ gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó bá a nu ojú. "Mo sọ fún ẹ."

Ọmọbìnrin ló bí, wẹ́rẹ́. Láti orí ibùsùn ló ti ń sọ pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ bá Màmá. Ọkọ rẹ̀ ní kó sinmi ná. Nígbà tó sinmi tán, ọkọ ní ọ̀nà kò dáa. Dókítà ti ní kò séwu mọ́, síbẹ̀ ọkọ tún ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

"Ṣé ìyá ẹ ni, àbí ìyá mi?" ni ìyàwó rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Iná lásán ò tó mi mọ́. Ọ̀la là ń lọ."

Nínú ọkọ̀, ọkọ rẹ̀ pè é, ó wúkọ́.

"Kí ló dé?"

"Kò sí. Fi aṣọ bo ọmọ lórí."

Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni lábúlé pé àwọn ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, èéfín díẹ̀ sì ń rú jáde láti ilé ìdáná. Inú obìnrin náà dùn débi pé kò dúró gbẹ́rù.

"Màmá, ẹ wá wo ọmọ yín o."

Ó bẹ̀rẹ̀ wọnú ilé ìdáná. Iná ń jó geere nínú ààrò onírin náà. Omi lásán ló ń hó nínú ìkòkò, kò sì sí oúnjẹ kankan nítòsí.

Aládùúgbò wọn dìde lórí àpótí Màmá, ó wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ó wá kọjú sí ọkọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé ẹ ò tíì sọ fún un pé a ti sin Màmá látìgbà òjò ni?"