Orin tí Ìkookò Kọ́ Odídẹrẹ́

Ẹ gbọ́ àlọ́ mi, kí ẹ bá mi gbè é. Ewúrẹ́ àti àgùntàn jọ ń fi ìwo ṣọ́ etí odò, kí ìkookò má baà kọjá wá sílùú wọn.

Ìkookò fún Odídẹrẹ́ ní ẹyìn, ó sì kọ́ ọ lórin. Odídẹrẹ́ fò lọ bá àwọn ewúrẹ́:

Àgùntàn fẹ́ gbalẹ̀ yín.
*Ẹ lé wọn!*

“Ta ló kọ́ ẹ lórin yìí?” ni ìyá àgbà kan láàárín wọn bi í.

Àwọn yòókù ní kó dákẹ́, pé orin náà dùn. Wọ́n lé àgùntàn kúrò létí odò. Ìkookò bá kọjá wẹ́rẹ́.

“Mo wá gbèjà yín ni. Àwọn àgùntàn dà?”

Ewúrẹ́ júwe ọ̀nà fún un.

Nígbà tó jẹ wọ́n tán, ó padà dé.

“Ta ló kù nílùú yìí?”

“Àwa nìkan ni,” ni ewúrẹ́ fi ìgbéraga dáhùn.