Orúkọ Tó Wà Nínú Oògùn

Ní ilé ìwòsàn Ìkìrun, kò sẹ́ni tó ń gbé oògùn mì kí ẹ̀rọ tó dárúkọ àwọn aláìsàn tí àwọn dókítà lo àkọsílẹ̀ àìsàn wọn láti fi ṣàwárí oògùn náà. Ẹ̀rọ á pe orúkọ, aláìsàn á ní, "Ẹ ṣé o," wọn á wá gbé omi fún un.

Àṣà yìí máa ń sú Wúràọlá onídìrí. Lónìí pàápàá, ó fi oníbàárà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú irun tí kò tíì dì dé ààbọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ní kó kánjú jàre. Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ rí ṣe?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Màmá. Oògùn kíndìnrín tuntun lẹ fẹ́ lò. Orúkọ ibẹ̀ ò pọ̀."

Ẹ̀rọ pe ọkùnrin kan ní Ọ̀fà, ó pe ìyá arúgbó kan ní Ìsẹ́yìn. Wúràọlá ń dáhùn, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìbídùnní Àjàsá, ọmọ ọdún méje, Ìkìrun."

Ọmọ bíbí inú Wúràọlá ni. Lọ́jọ́ tí àìsàn kíndìnrín pa á, àwọn nọ́ọ̀sì bi Wúràọlá bóyá kí ẹ̀rọ máa dárúkọ ọmọ náà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá wúlò fún oògùn. Ó ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ẹbí àti ará àdúgbò ń ṣọ́ ẹnu wọn. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn sí i létí mọ́.

Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ dáhùn," nọ́ọ̀sì ní. "Èrò ń dúró."

"Ẹ ní kó tún un pè," Wúràọlá ní. "Kó má kánjú."