Ìṣẹ́jú Mọ́kàndínlógún sí Erékùṣù Àgbọn

Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú wa. Wọ́n ní, "Erékùṣù Àgbọn tún ti sún jìnnà sí wa lójú omi. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni lónìí." Àná, méjìdínlógún ni. Ọjọ́ tí Mojírádé ọmọ mi bímọ sọ́hùn-ún, méjìlá ni.

Mo dúró, mò ń wo ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń lọ síbẹ̀. Kò sí awakọ̀ nínú ẹ̀, fúnra ẹ̀ ló ń fò.

Akínloyè tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mojírádé, ọjọ́ kẹjọ rèé tí ẹ ń wá kí wa, tí ẹ ń padà sílé. Ṣé àwa la bímọ ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi."

"Bátìrì ọkọ̀ yìí ò lè gbé e fò ju ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún lọ. Tí ẹ ò bá lọ lónìí, ó di ọdún méjì kí erékùṣù ọ̀hún tó sún padà."

Òní ni ìsọmọlórúkọ. Èmi ni ìyá àgbà. Mo na tíkẹ́ẹ̀tì sí i.

"Tí ẹ bá wá ń padà bọ̀ lọ́dún méjì òní ńkọ́? Ẹ̀rù ò ní bà yín?"

"Á bà mí," mo ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ náà á ti máa rìn nígbà yẹn. Òun ló máa fà mí lọ́wọ́ wọ ọkọ̀."