Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì

Láti ìgbà tí ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ ti yìnbọn pa Ọdẹ́gbèmí nígbó, Ògúnṣínà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí iná àgbẹ̀dẹ bá ta bà á. Síbẹ̀ ó ń rọ ìbọn tí àbúrò rẹ̀ ní kó ṣe fún òun, èyí tó ń lo ọta olówó pọ́ọ́kú. Nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni Ọdẹ́gbèmí, apá òsì ni ó fi irin tí wọ́n fi ń ki ọta sí.

Lálẹ́ ọjọ́ tó parí rẹ̀, àlejò kan wọlé. Ajá ilé ò gbó ọ. Àlejò náà gba ìbọn náà nínú òkùnkùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì lọ tààrà síbi irin yẹn: kẹ́ẹ́, kẹ́.

Ògúnṣínà na páálí ọta sí i.

Àlejò náà ní, “Ẹyọ kan ti tó, ẹ̀gbọ́n mi.”