Oníwàásù Kẹrìnlá

Òógùn ti bo ajíhìnrere. Ogójì ìṣẹ́jú ló ti fi ń wàásù nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun yìí. Ó ti dé ọ̀run àpáàdì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti padà. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara, àbí?"

"Iṣẹ́ ìwádìí mi ni, sà: bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe sí àlejò. Ẹ̀yin ni oníwàásù kẹrìnlá. Ẹ tiẹ̀ gbìyànjú. Ìbéèrè kan péré ló kù."

"Bi mí, ọmọ mi! Láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, orí ni gbogbo ẹ̀ wà."

"Kí lorúkọ mi, sà?"