Ìyá Ipò-Kìíní àti Àròkọ Ọmọ Rẹ̀

Ohun búburú tí obìnrin yìí ṣe nìyí: ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ àgbàlagbà dí ẹnu náà. Kò febi pa á, kò sì nà án. Ìgbéraga ni ó rán an níṣẹ́, ìwé ẹ̀kọ́ kan ni ó sì fi jẹ́ iṣẹ́ náà.

Kọ́tìnnì ni obìnrin náà ń rán nínú pálọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ kan náà ni ó ti ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo níwèé, nítorí òun àti ọkọ rẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé ilé ni ọmọ náà yóò ti kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Baba rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, ń pè é ní Ẹ̀gà, nítorí bíi ti ẹyẹ náà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí aláǹgbá bá gun fèrèsé, Ẹ̀gà yóò máa ròyìn rẹ̀ títí aláǹgbá yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ láyé kò ju kí ọmọ òun ṣáájú ọmọ gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn òbí mìíràn tí ń kọ́ ọmọ nílé, tí wọ́n jọ ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé àdúgbò, sọ ọ́ ní Ìyá Ipò-Kìíní. Kò bínú. Ó kà á sí oyè.

Nígbà tí ó tó àkókò láti yan ìwé ẹ̀kọ́ àròkọ fún Ẹ̀gà, Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn òbí náà, mú èyí tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ wá. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn: ọmọ yóò sọ ohun tí ó rí, ìyá yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ọmọ yóò sì wo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi lè bá ẹnu rẹ̀ rìn.

Ìyá Ipò-Kìíní fi ìka méjì ṣí ìwé náà, bí ẹni tó ń ṣí ìledìí ọmọ tó yàgbẹ́.

“Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́. Àwòrán adìyẹ ló kún inú ẹ̀. Ọmọ tèmi ti kúrò ní ti adìyẹ.”

“Ìyá Ẹ̀gà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti kúrò ní ti adìyẹ? Ti kí ló wá kàn?”

“Ti àwọn ọ̀mọ̀wé.”

Ó lọ ra ìwé tí wọ́n ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì. Àròkọ àwòkọ́ṣe ló kún un: lórí ìjọba, lórí ọrọ̀ ajé, lórí ohun tí ikú ń kọ́ ènìyàn. Ọkọ rẹ̀ gbé e wò, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

“Ìyàwó mi, bí ẹrù bá ju ọkọ̀ lọ, inú gáréèjì kọ́ ló ti máa ń dákú o. Àárín ọ̀nà ni.”

“Bàbá Ẹ̀gà, ẹ máa wa ọkọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n wa tèmi.”

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láràárọ̀ ni Ẹ̀gà ń jókòó sí ìdí tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ, tí ó ń da àròkọ àwọn àgbàlagbà kọ. Lọ́jọ́ kan, ó parí èyí tó dá lórí ikú, ó sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un nísàlẹ̀: “Ológbò wa kú. Mo sunkún lábẹ́ àga.”

“Ta ló bi ọ́ ní ti ológbò?” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Mọ́mì, èmi ni mo rí i.”

“Kò sí nǹkan tí o rí tó yẹ ní kíkọ.”

Ó mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gé kọ́tìnnì, ó gé ìsàlẹ̀ ìwé náà kúrò. Ọ̀rọ̀ ológbò bọ́ sáàárín ègé aṣọ, ó sì gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Láti ọjọ́ náà ni aláǹgbá ti ń gun fèrèsé tí kò rí ẹni ròyìn rẹ̀.

Ní ìpàdé, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún àròkọ ọrọ̀ ajé Ẹ̀gà. Orí ìyá rẹ̀ wú. Ó fa ìwé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì yọ, ó kà á sókè: “‘Aláǹgbá ń mi orí bíi Dádì mi tí oúnjẹ bá jinná.’ Ẹ wo lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ! Ṣé aláǹgbá fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ki orí bọ abẹ́ tábìlì.

“Ẹyin lohùn o,” ni Ìyá Ìbejì wí.

Ẹyin náà fọ́ ní ìpàdé tó kẹ́yìn ọdún. Obìnrin tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé ní òun kò fẹ́ àròkọ tí a kọ wá láti ilé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wo ìta, kí ó sì kọ ohun tó rí. Òjò ń rọ̀. Baba kan ń sáré lé agboòrùn rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ̀gà wo ìta, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì béèrè ketekete:

“Mọ́mì, kí ni mo rí?”

“Wò ó dáadáa, ìwọ ọmọ yìí!”

“Mo ti wò ó. Kí ni kí n rí?”

Ọmọ tí ó ki orí bọ abẹ́ tábìlì lọ́jọ́sí fà á lápá. “Ẹ̀gà, ṣé o ò rí bàbá tí agboòrùn ẹ̀ ń fò ni?”

“Mọ́mì ò tíì sọ pé mo rí i.”

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Ipò-Kìíní, wọn kò sì yẹ̀. Ó dìde sáàárín wọn.

“Ẹ dákun. Mo fi ọmọ Ìyá Ìbejì ṣẹ̀sín, ọmọ tó gbọ́n ju tèmi lọ nítorí ìyá rẹ̀ gbọ́n jù mí lọ. Ìwọ ọmọ tí mo fi ṣẹ̀sín, má bínú sí mi. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Ẹ̀gà, èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ rẹ dànù. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.”

Ó ń sunkún. Ẹ̀gà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó mú pẹ́ńsù.

“Mọ́mì, ẹ rọra tún un sọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí dà á kọ?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín nílé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ìwé tó bá ọmọ mu ni kí ẹ yàn, kì í ṣe èyí tó bá ojú ayé mu. Lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ yóò tọ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ bá kọ́ pé ojú rẹ̀ kò rí nǹkan, yóò gbà yín gbọ́. Ẹkún yín ní gbangba kò sì ní í la ojú náà.